Orúkọ Alhaji Nínú Ẹsẹ Ìkẹyìn

Kápẹ́ẹ̀tì ló gbé Bàbá Oraz dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá ní Peckham. Èyí tí wọ́n tẹ́ sí iwájú mọ́ṣáláṣí, níbi tí lèmọ́mù máa ń dúró sí, ló ya, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àwọn àgbààgbà sì ń há sínú rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n yan ìgbìmọ̀. Ní ìkejì, wọ́n yan ẹni tí yóò ṣe alága ìgbìmọ̀. Ní ìkẹta, ọ̀rọ̀ náà sú Mìsítúrà, ìyá tó ń léwájú àwọn obìnrin akọrin ẹgbẹ́. Ó dìde, ó ní bàbá funfun kan wà lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham Rye tó ń fi abẹ́rẹ́ tún kápẹ́ẹ̀tì ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ pè é kí ẹnìkan tó ṣubú lu lèmọ́mù.

Bàbá náà dé pẹ̀lú àpò abẹ́rẹ́ àti irùngbọ̀n tó funfun báláú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó kí wọn ní sálámà tó já gaara ju tiwọn lọ, ó sì ní Turkmen ni òun. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ní ó ní láti jẹ́ apá kan Turkey. Bàbá náà mi orí bí ẹni tó ti ń mi orí yẹn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní yàrá kejì, Àsúmáù, àbígbẹ̀yìn Mìsítúrà, ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ó máa ń dúró sí ẹ̀yìn káńtà ilé oògùn kan ní Lordship Lane, ní East Dulwich, tí yóò máa fi ojú wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí ọkàn rẹ̀ yóò sì ti rìn dé ibòmíràn. Lọ́jọ́ náà, ó wà láàárín álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá nígbà tó gbọ́ orin. Kì í ṣe pé bàbá náà ń kọrin. Ó kàn ń kùn ún sí imú ni, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Ṣùgbọ́n orin náà ń gòkè, ó ń dúró lókè, ó wá ń já lulẹ̀ bí ẹni tó rántí nǹkan tí kò fẹ́ rántí. Àsúmáù dákẹ́ láàárín lẹ́tà méjì. Àwọn ọmọ náà, tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju rọ́bà lu ara wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Túsìdè, fún ọdún méjì gbáko, bí ilé oògùn bá ti tì, Àsúmáù á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abẹ́ afárá. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oraz kò ju ibi tí wọ́n lè gbé mọ́tò kan sí lọ. Kápẹ́ẹ̀tì ká jọ dé òrùlé, òórùn irun àgùntàn sì kún ibẹ̀, bí rélùwéè bá sì ń kọjá lókè, gbogbo ife tíì á máa gbọ̀n. Bàbá náà á sọ ohun èlò orin kan kalẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ń pè é ní dutar. Okùn méjì péré ló ní. Ọrùn rẹ̀ gùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ sì rí bí igbá tí wọ́n là sí méjì. Ó dàbí nǹkan tí ọmọdé lè ta. Oṣù mẹ́rin ni Àsúmáù fi ta á kó tó ṣe é gbọ́ sétí.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ níbẹ̀, ọkùnrin kan ló ni ín, akéwì kan tó ń jẹ́ Amanberdi, tó ti kú ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí Bàbá Oraz ṣe sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Amanberdi fúnra rẹ̀ kò ta okùn rí. Ewì nìkan ló ń kọ. Ìwé tó kọ ọ́ sí, omi gbé òmíràn lọ, iná jó òmíràn. Àwọn olórin ló kó o sẹ́nu sá. Wọ́n ń gbé e láti àgọ́ dé àgọ́, olórin kan á kọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, èkejì á kọ ọ́ bí ẹṣin tó ń sáré, ọ̀gá á fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ á di ọ̀gá. Bí èèyàn bá dé ìlú Bàbá Oraz tó béèrè pé ta ló ni ewì yìí, wọ́n á dárúkọ Amanberdi. Bó bá béèrè pé ta ló ni orin rẹ̀, kálukú á dárúkọ bàbá bàbá tirẹ̀.

Ohun méjì ni Bàbá Oraz kò fi ṣeré. Èkíní ni ẹsẹ ìkẹyìn. Nínú gbogbo ewì rẹ̀, Amanberdi máa ń dárúkọ ara rẹ̀ nínú ẹsẹ tó parí rẹ̀. Kì í sì í fi yin ara rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin, nípa òjò àti ẹwà àwọn obìnrin, níparí ni yóò wá yíjú sí ara rẹ̀, tí yóò sì bú ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń bú ọmọ tó jí ẹran jẹ. "Orúkọ yẹn wúwo," Bàbá Oraz máa ń wí. "Bí o bá yọ ọ́, ewì náà á fò lọ." Èkejì ni àdúrà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ parí, ọ̀gá rẹ̀ á dúró síwájú rẹ̀, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, á ṣe àdúrà fún un. Láti ọjọ́ náà ló di olórin. Bí kò bá gba àdúrà yẹn, kódà bó mọ ọ́n kọ ju ọ̀gá lọ, ẹrù ẹlẹ́rù ló gbé dání.

Àdúrà yìí ni Àsúmáù ń wá. Kò sì sí àkókò mọ́. Bàbá Oraz ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí abẹ́rẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Germany sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ní Mọ́ńdè kan, kí oṣù tó parí, ni yóò lọ, kò sì ní padà wá. Ó ti sọ ohun tó kù fún Àsúmáù láti ṣe: kí ó kọ ewì kan níwájú àwùjọ, kó má fo ẹsẹ kankan, kí orúkọ sì wà ní ipò rẹ̀.

"Níwájú àwùjọ wo, Bàbá?" Àsúmáù béèrè.

"Àwùjọ tó bá ní etí," ni bàbá náà dáhùn.

Ìyẹn gan-an ni ìṣòro.

Àfi bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́, Bernice dé. Bernice, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Kennington, ń ṣiṣẹ́ àṣà fún kánsù. Ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe ètò kan, ní ọ̀sán Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, nínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ mọ́ṣáláṣí, níbi tí àṣà méjì yóò ti pàdé ara wọn. Ó sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì. Ètò aláṣà kan ṣoṣo ti pọ̀ jù lọ́wọ́ kánsù. Mìsítúrà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi fọwọ́ ti ọmọ rẹ̀ síwájú. "Àsúmáù mọ orin àwọn bàbá oníkápẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Túsìdè, Túsìdè ló ń lọ, mo kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin ló ní."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Alhaji Làtíìfù, alága ẹgbẹ́.

Alhaji Làtíìfù, ẹ̀gbọ́n Mìsítúrà, ló ń kó ẹrù àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí Èkó. Èèyàn dáadáa ni, bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára aago ògiri gbọ̀ngàn. Ó wà lára kẹ́tùlù méjèèjì, ó sì wà lára ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ àwọn ọkùnrin, ní lẹ́tà wúrà. Nígbà tó bá ń gbàdúrà fún ẹlòmíràn pàápàá, àwọn tó ń ṣe àmín máa ń mọ iye àga tó rà kí àdúrà tó parí.

Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní kí Àsúmáù gbé èyí tó gbà sílẹ̀ sórí fóònù kí òun gbọ́. Ó dijú. Mìsítúrà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ìlù yóò wọlé sí, kò sì rí i.

"Tún ìparí yẹn gbé," Alhaji wí. "Orúkọ kan ni mo gbọ́ níbẹ̀."

Àsúmáù tún un gbé.

"Amanberdi," ni Mìsítúrà wí. "Èmi náà gbọ́ ọ."

"Gbé òmíràn."

Ó gbé òmíràn. Amanberdi. Ó gbé ẹ̀kẹta. Amanberdi.

Alhaji la ojú. Ó fẹ̀yìn ti àga. "Há! Ọkùnrin yìí náwó o! Orin mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti kì í. Kí ló ń tà? Epo rọ̀bì?"

"Uncle, òun gan-an ló kọ ewì náà. Ó ti kú láti igba ọdún."

"Ó kú, wọ́n ṣì ń kì í?" Alhaji yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Mìsítúrà, ṣé o gbọ́? Igba ọdún! Èmi tí mo ra máìkì fún yín lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi kì mí?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, bùọ̀dá mi, kí máìkì tó bàjẹ́."

Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Láàárín àwọn obìnrin akọrin ẹgbẹ́, òfin ni pé ẹsẹ tó kẹ́yìn orin jẹ́ ti ẹni tó ṣe nǹkan. Ẹni tó gbé omi wá, wọ́n á dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì lọ sí Birmingham láì gbà kọ́bọ̀, wọ́n á dárúkọ rẹ̀, wọ́n á fi ti ìyá rẹ̀ kún un. Látàrí èyí, ọ̀rọ̀ Amanberdi kò rú Alhaji lójú rárá. Ó yé e kedere ju bó ṣe yé àwọn tó kàwé nípa rẹ̀ lọ.

"Ta ló ń gbé gbọ̀ngàn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà?" ó béèrè.

"Ẹ̀yin ni, Uncle."

"Ta ló ni àga?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dáa. Níbi tí wọ́n ti ń pe Alhaji Amanberdi yẹn, ibẹ̀ ni kí o ti pe tèmi."

Àsúmáù sún mọ́ tábìlì rẹ̀. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe oríkì. Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti máa ń bá ara rẹ̀..."

Fóònù Alhaji dún. Ó fi ọwọ́ dá a dúró, ó sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ńténà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tó sì parí, ó ní, "Kí lò ń wí?"

"Mo ní, nínú ẹsẹ yẹn, akéwì náà máa ń bá ara rẹ̀ wí..."

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá rẹ̀ gbà á lẹ́nu, "orúkọ kan péré ni wọ́n ní kí o yí. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́ ní èdè wọn, kọ ọ́, ta ló máa mọ̀?"

"Rárá o," Alhaji wí. "Kó yé àwọn èèyàn. Èwo ni kí wọ́n kì mí kó má yé ẹnikẹ́ni?" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàánú ọmọ. "Àsúmáù, bí orúkọ mi bá wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn wà, máìkì wà, bàbá rẹ oníkápẹ́ẹ̀tì á jókòó síwájú. Bí kò bá sí, ẹ lọ kọrin yín lábẹ́ afárá fún rélùwéè."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ ti tàn. Ìbídùn, akápò ẹgbẹ́, pe Àsúmáù ní ilé oògùn láàárín ìgbà tó ń ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún arúgbó kan. "Àsúmáù mi, mo gbọ́ pé ẹ ní ẹsẹ kan tí wọ́n fi ń kì èèyàn. Fi èmi náà sí i. Ìbídùn, ọmọ Olóyè. Má gbàgbé Olóyè." Pastor Malachi, tí ìjọ rẹ̀ wà lórí òkè ilé kan náà, fi Wásáàpù ránṣẹ́ pé òun yóò pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn òun fún odindi ọ̀sán kan nítorí àlàáfíà láàárín ẹ̀sìn, pé òun kò béèrè nǹkan kan, àfi bí orúkọ ìjọ bá lè bọ́ sí ẹnu olórin. Bernice náà kọ̀wé. Ó ní yóò dára gan-an bí wọ́n bá lè mẹ́nu ba kánsù, "just lightly, Àsúmáù, bíi pé ó kàn wá sí yín lọ́kàn."

Àsúmáù kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí oògùn kan. Nígbà tó kà á, ó rí i pé àwọn orúkọ náà gùn ju ewì lọ. Alhaji ló gbà á sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ ìkẹyìn jẹ́ ti òun nìkan, kí àwọn yòókù lọ wà nínú ìwé ètò.

Ní Túsìdè tó kẹ́yìn, kò lè sọ ọ́ fún Bàbá Oraz. Bàbá náà ń di ẹrù. Wọ́n ti ká àwọn kápẹ́ẹ̀tì, ògiri sì hàn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní àmì omi. Dutar nìkan ló ṣì wà lára rẹ̀. "Sátidé," ni bàbá náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé, Àsúmáù mú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ jáde. Láti ọdún kan ló ti ń yí àwọn ewì náà sí Yorùbá fún ìgbádùn ara rẹ̀, tó ń tún ọ̀rọ̀ tò títí wọ́n fi bá orin náà mu dáadáa. Ó ka ẹsẹ ìkẹyìn ewì tó fẹ́ kọ. Ó fi Làtíìfù sí ipò Amanberdi lọ́kàn rẹ̀, láti wò ó lásán. Ẹ̀rín sá jáde lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í sún kúrò díẹ̀.

Ó pinnu. Yóò kọ ọ́ ní èdè Turkmen, orúkọ Amanberdi yóò sì wà ní ipò rẹ̀. Kí Alhaji bínú lẹ́yìn náà. Nígbà yẹn, àdúrà yóò ti wà lọ́wọ́ òun.

Ní Sátidé, ní aago méjì ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún. Wọ́n lẹ bébà mọ́ àga àárín níwájú, wọ́n kọ KÁNSÙ sí i, fún ọ̀gá Bernice tó ń bọ̀. Alhaji Làtíìfù wọlé nínú agbádá aláwọ̀ ọ̀run, ó wo àga náà, ó yọ bébà, ó ká a, ó fi í sápò, ó jókòó. Bernice rí i, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lé àgbàlagbà dìde ní Yorùbá, ó sì mú ọ̀gá rẹ̀ lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Alhaji gbé fóònù sókè níwájú ara rẹ̀, ó ń fi ètò náà han àwọn ará ìlú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú Igbó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nínú fídíò náà, ojú rẹ̀ kún iwájú. Olórin wà lẹ́yìn, ó kéré bí eṣinṣin.

Àsúmáù jókòó lórí pèpéle, dutar lórí itan rẹ̀. Bàbá Oraz wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fìlà onírun lórí, ọwọ́ lórí orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olórin Turkmen ní ohùn kan tí wọ́n máa ń yọ láti ọ̀fun láàárín ọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ẹkún bá fẹ́ gba èèyàn tó sì kọ̀. Ọdún kan ni Àsúmáù fi kọ́ ọ. Nígbà tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, Mìsítúrà dìde díẹ̀ lórí àga, ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Òsúkè ni. Ẹ bá mi bu omi fún un." Ìbídùn ti ń gbé ife bọ̀ kí wọ́n tó dá a padà.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ariwo fi rọlẹ̀. Orin náà gòkè, ó dúró, ó já. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Àsúmáù gbàgbé Alhaji. Ó gbàgbé gbọ̀ngàn pátápátá; ó rí ẹṣin, ó rí eruku, ó rí ọkùnrin kan tó ti kú tó jókòó létí odò. Ẹsẹ márùn-ún lọ. Ẹsẹ kẹfà dé. Ó dárúkọ Amanberdi ní ipò rẹ̀, ó bú u bó ṣe bú ara rẹ̀, ó fọwọ́ lé okùn méjèèjì kí wọ́n dákẹ́. Bàbá Oraz dijú.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dúró!" Alhaji Làtíìfù ti dìde. Fóònù wà lókè síbẹ̀. "Ẹ má pàtẹ́wọ́! Orin kò tíì parí. Àsúmáù, orúkọ ẹni tí mo gbọ́ yẹn, ṣé òun ló ra àga?"

Ẹ̀rín tú. "Alhaji, ẹ jókòó!" ẹnìkan pariwo. "Ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́ jẹ orin!" ni ẹlòmíràn dáhùn.

"N kò ní jókòó. Ará ilé ń wò mí. Ohun tí a jọ sọ ni kí o ṣe. Ní Yorùbá!"

Mìsítúrà pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ sí ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Àsúmáù yíjú sí Bàbá Oraz. Bàbá Oraz tẹ̀ sí i létí, ó ní, "Kí ni ọkùnrin yẹn ń fẹ́?"

"Ó ń fẹ́ kí n fi orúkọ òun rọ́pò orúkọ Amanberdi."

"Nínú ẹsẹ ìkẹyìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá náà wo Alhaji láti fìlà dé bàtà. "Ṣé ó mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Kò jẹ́ kí n parí."

Bàbá Oraz ronú díẹ̀. "Amanberdi ti ń dá ẹrù yẹn rù láti igba ọdún," ó wí. "Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá a gbé e ní ọ̀sán kan, fún un."

Àsúmáù ta okùn. Ní ohùn kan náà, ní Yorùbá tó yé ọmọdé, ó kọ ọ́:

Làtíìfù, irun rẹ ti funfun, ọgbọ́n kò tíì bá ọ délé.
Ẹnu rẹ fẹ̀ bí ẹnubodè, ohun tí o ṣe kò kún ọwọ́.
O jókòó síwájú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè ọ́.
Ta ni yóò sọ rere rẹ lọ́jọ́ tí ìwọ kò bá lè sọ ọ́ mọ́?

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni Alhaji kọ́kọ́ gbọ́. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí díẹ̀ sósì, kí àwọn ará Ìjẹ̀bú Igbó lè rí agbádá rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀ ní ìlà kejì. Ní ìlà kẹta, ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Bernice, tí kò gbọ́ Yorùbá, ń mi orí sí orin létí ilé ìdáná. Ní ìlà kẹrin, gbọ̀ngàn dákẹ́ débi pé wọ́n gbọ́ aago ògiri, èyí tí orúkọ Alhaji wà lára rẹ̀, tó ń lọ kì, kì, kì.

Àsúmáù gbé ojú sókè. Inú rẹ̀ dùn. Kò fẹ́ kó dùn, ṣùgbọ́n ó dùn, ó sì jáde sí ẹnu rẹ̀ díẹ̀.

Láti ẹ̀yìn, ìyá arúgbó tó ti ń mi orí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wáàsí ló rò pé ó jẹ́, níbi tí olórin ti ń bá èèyàn tọrọ àforíjì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Àmín! Kí Ọlọ́run foríjì í!"

"Àmín!" ni gbogbo gbọ̀ngàn gbà, tọkàntọkàn. Wọ́n ti mọ àmín ṣe. Alhaji kò lè bínú sí àmín. Lórí fóònù rẹ̀, àmín àwọn ará Ìjẹ̀bú Igbó ń gòkè, ọ̀kan lé orí ọ̀kan, wọ́n ń kọjá lójú rẹ̀ tó kún iwájú fídíò náà. Ó wo ara rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá tẹ fóònù pa.

"It's so joyful," Bernice wí sínú máìkì, omi lójú rẹ̀. "Ẹ ṣé gan, Alhaji."

Kí Àsúmáù tó sọ̀ kalẹ̀ ní pèpéle, Ìbídùn ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àsúmáù mi, orúkọ tí mo fún ọ yẹn, jọ̀wọ́ yọ ọ́. Yọ ti Olóyè náà." Fóònù Àsúmáù dún nínú àpò. Pastor Malachi ni, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó ní nígbà tí òun gbàdúrà sí i dáadáa, Ẹ̀mí sọ fún òun pé kí ìjọ máa ṣe rere ní ìkọ̀kọ̀.

Bàbá Oraz ń dúró dè é nínú ilé ìdáná, láàárín páálí ife àti àwọn kẹ́tùlù méjèèjì. Àsúmáù dúró síwájú rẹ̀, ó gbé dutar sí àyà. Ó retí kí ọwọ́ bàbá náà tẹ́. Bàbá náà kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"O kọ ọ́ parí," bàbá náà wí. "Orúkọ wà ní ipò rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó dára. Nígbà kejì, mo rí ẹnu rẹ."

Àsúmáù fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ní kí o fún un. N kò ní kí o fi nà án."

"Ṣùgbọ́n Bàbá, òun ló béèrè fún un."

"Òun ló béèrè. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín. Amanberdi kò kọ ẹsẹ yẹn fún ọ̀tá rẹ̀." Ó tọ́ka sí dutar. "Tún un kọ. Fún èmi nìkan. Fi orúkọ tìrẹ sí i."

Àsúmáù ronú láti bínú, kò rí ibi tí yóò gbé ìbínú náà kà. Ó ta okùn. Kò sí máìkì. Ó pe Àsúmáù, ó ní irun rẹ kò tíì funfun ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò tíì bá ọ délé. Ó ní ọkàn rẹ ń rìn gbogbo ayé, ọwọ́ rẹ kò tíì gbé nǹkan kan. Nígbà tó dé ibi tó ti ń jókòó síwájú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é, ó rántí ẹ̀rín tó rín, ohùn tó fi ọdún kan kọ́ sì jáde láti ọ̀fun rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é.

Bàbá Oraz mú ọwọ́ wá síwájú. Ó tẹ́ méjèèjì. Àdúrà náà kò gùn. Àsúmáù kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí orúkọ àwọn ọ̀gá ló kún ibẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, àwọn tó gbé orin náà fún ara wọn títí ó fi dé abẹ́ afárá ní Peckham Rye. Níparí, ó gbọ́ Oraz. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ Àsúmáù.

"Àmín," ni ẹnìkan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Alhaji Làtíìfù ni. Fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ funfun lóòótọ́. Kò jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ó wọlé, ó fọwọ́ kan kẹ́tùlù tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó yí orúkọ náà sí ògiri, bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

"Ọkùnrin yẹn," ó wí, "Amanberdi. Igba ọdún lo pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Uncle."

"Kò sì dé Peckham rí?"

"Kò dé ibí rí."

"Báwo ló ṣe wá mọ̀ mí?" Ó wo Bàbá Oraz, ó wo Àsúmáù. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó tún un tò. "Ó dáa. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Bernice bá tún dé, ṣé ẹ ní èyí tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú?"

"Kò sí, Uncle."

"Kò sí rárá?"

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e."

Alhaji mí kanlẹ̀. Ó bu tíì sínú ife mẹ́ta, ó gbé èkíní fún bàbá oníkápẹ́ẹ̀tì, ó gbé èkejì fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ó sì dúró ti ògiri mu tirẹ̀, láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló ra ṣúgà.